Ìlú Tí Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Ti Di Ibi Ìgbafẹ́

Bó bá ti ń ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago kan ọ̀sán lù nílùú Fremantle, àwọn èèyàn á ti máa pé jọ sórí òkè kékeré kan tó wà létí òkun. Àwọn ọmọdé á ti máa fi ìka di etí. Àgbá kan á wá dún gbòà! Àwọn ẹyẹ òkun á fò lọ, ẹ̀rín á sì sọ. Láyé àtijọ́, wọn ò fi àgbá yìí ṣeré rárá. Àwọn atukọ̀ tó wà ní èbúté ló máa ń dúró de ìró rẹ̀ kí wọ́n lè fi tún aago inú ọkọ̀ wọn ṣe, torí pé ẹni tí aago rẹ̀ kò bá péye lójú agbami kò ní mọ ibi tó wà.

Àwọn tó ń yin àgbá náà báyìí kì í gbowó oṣù, ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n. Ilé olókùúta kan tó ní igun 12 wà lẹ́yìn wọn, Round House lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé ilé àwọn tó ń ṣọ́ etíkun ni. Ẹ̀wọ̀n ni. Oṣù January 1831 ni wọ́n ṣí i, òun sì ni ilé ìjọba tó tíì pẹ́ jù lára àwọn tó ṣì wà lórí ìdúró ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Ọsirélíà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọdún yẹn wò. Ọdún 1829 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá tẹ̀dó síbẹ̀. Wọn ò tíì lo ọdún méjì tán tí wọ́n fi kọ́ ilé tí wọ́n á máa ti èèyàn mọ́.

Ibi tí odò Swan ti ń wọnú Òkun Íńdíà ni Fremantle wà. Láti Perth tó jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ ojú irin máa fi gbé èèyàn débẹ̀. Walyalup ni àwọn Noongar, ìyẹn àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, ń pe àgbègbè ọ̀hún. Ohun tó sì ń mú kí àlejò máa ya lọ síbẹ̀ ò ju pé ìlú náà ò tíì wó ilé àtijọ́ rẹ̀. Nígbà tí owó góòlù àti ti irin kúsà wọlé sí Perth, wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé àwọn baba wọn, wọ́n sì fi ilé gogoro rọ́pò rẹ̀. Fremantle ò rówó wó tiẹ̀. Lọ́dún 1983, ọkọ̀ ìgbòkun kan tó ń jẹ́ Australia II lọ gba ife ẹ̀yẹ America's Cup lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, tí ẹnikẹ́ni ò rí gbà lọ́wọ́ wọn fún ọdún 132. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbé ìdíje tó tẹ̀ lé e wá sí Fremantle lọ́dún 1987. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rántí kun ilé, tí wọ́n tún òrùlé ṣe, tí wọ́n sì wá rí i pé ẹrù àtijọ́ tí ò sẹ́ni tó kà sí ló di ọrọ̀ àwọn. Ọkọ̀ ìgbòkun ọ̀hún wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé òkun tó wà létí èbúté títí dòní.

Àwọn tó kọ́ ẹ̀wọ̀n ara wọn

Ibi tí àlejò kì í fò ni ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá tó wà lórí òkè. Nígbà tí wọ́n ń tẹ ìlú yẹn dó, ohun tí wọ́n fi ń yangàn ni pé ọmọlúàbí nìkan ló máa gbébẹ̀, pé ìlú àwọn ò ní gba ẹlẹ́wọ̀n bíi ti Sydney. Ogún ọdún ò kọjá tí ebi àti àìrí òṣìṣẹ́ fi mú kí wọ́n kọ̀wé sí London pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kó ẹlẹ́wọ̀n wá. Lóṣù June 1850, ọkọ̀ òkun Scindian gúnlẹ̀, àwọn ẹlẹ́wọ̀n 75 sì wà nínú rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó kẹ́yìn tó dé lọ́dún 1868, wọ́n ti tó nǹkan bí 10,000. Ọkùnrin ni gbogbo wọn.

Kò sí ibi tí wọ́n máa kó wọn sí. Ni wọ́n bá ní kí wọ́n lọ gbẹ́ òkúta ẹfun lórí òkè yẹn, kí wọ́n sì fi kọ́ ilé tí wọ́n máa ti àwọn fúnra wọn mọ́. Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1852, ó sì parí ní 1859. Ilé alájà mẹ́rin ni, ó gùn débi pé ẹni tó bá dúró ní ìpẹ̀kun kan kò lè dá ojú ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kejì mọ̀. Yàrá ẹlẹ́wọ̀n kọ̀ọ̀kan gùn ní nǹkan bíi mítà méjì, ó sì fẹ̀ ní mítà kan àti díẹ̀. Àlejò tó bá wọ ibẹ̀ máa ń na apá méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ á sì kan ògiri lọ́tùn-ún àti lósì. Garawa ni wọ́n ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí, kì í sì í ṣe nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria nìkan. Bí wọ́n ṣe ń lo garawa náà nìyẹn títí wọ́n fi ti ọgbà náà pa ní November 1991. Ẹlẹ́wọ̀n tó jáde níbẹ̀ lọ́dún yẹn lè wà lára àwọn tó ń sanwó wọlé wá wò ó lónìí.

Ìtàn kan wà níbẹ̀ tí àwọn amọ̀nà kì í sú láti sọ. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Joseph Bolitho Johns, tí gbogbo ayé ń pè ní Moondyne Joe. Bí wọ́n bá ti tì í mọ́ ló máa ń já. Wọ́n wá ṣe yàrá kan fún òun nìkan, wọ́n fi pákó igi líle bo ògiri rẹ̀, wọ́n sì kan ìṣó ńláńlá bí ẹgbẹ̀rún mọ́ ọn. Gómìnà Hampton fúnra rẹ̀ wá wò ó, ó sì fi ṣẹ̀fẹ̀ pé bí Joe bá tún lè jáde níbẹ̀, òun á dárí jì í. Àmọ́ kò sí atẹ́gùn nínú yàrá náà, àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ni dókítà bá ní kí wọ́n máa mú un jáde. Wọ́n kó òkúta síwájú rẹ̀ nínú àgbàlá pé kó máa fọ́ ọ, ẹ̀ṣọ́ kan sì ń ṣọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó kó àfọ́kù òkúta náà kúrò. Òkìtì ń ga sí i lójoojúmọ́, títí tí ẹ̀ṣọ́ ò fi rí ju orí Joe lọ. Ìró òòlù ṣáà ń dún. Kì í ṣe òkúta nìkan ni òòlù náà ń lù mọ́, ó ti ń lu ògiri. Lóṣù March 1867, Joe gba ihò náà jáde. Nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n tó tún rí i mú, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà rí i pani lẹ́rìn-ín: àwọn ọlọ́pàá tó lọ wá òkú ẹnì kan tó rì sómi yà sí ọgbà àjàrà kan kí wọ́n lè sinmi, Joe náà sì ti fara pa mọ́ wọ ilé wáìnì níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló ń pani lẹ́rìn-ín. Èèyàn 44 ni wọ́n yẹgi fún nínú ọgbà yẹn, ọ̀kan péré lára wọn ni obìnrin. Ọdún 1964 ni wọ́n yẹgi fún ẹni tó kẹ́yìn, yàrá náà sì ṣì wà bó ṣe wà, okùn ń fì níbẹ̀. Òbí tó bá mú ọmọ kékeré lọ́wọ́ máa ṣe dáadáa bó bá kọ́kọ́ ronú kó tó dá ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù ni ihò tó wà ní nǹkan bí 20 mítà lábẹ́ ilẹ̀, tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n gbẹ́ kí ìlú lè rómi mu. Èèyàn á dé àkẹtẹ̀ líle, á fi àkàsọ̀ sọ̀ kalẹ̀, á sì wa ọkọ̀ kékeré nínú òkùnkùn. Lọ́dún 2010, àjọ UNESCO fi ọgbà ẹ̀wọ̀n náà sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé.

Àwọn ibi mìíràn ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjà olórùlé tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1897 máa ń kún ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọkọ̀ tó rì ṣe pàtàkì jù ú lọ: ibẹ̀ ni apá ẹ̀yìn ọkọ̀ Batavia wà, ọkọ̀ àwọn ará Netherlands tó fọ́ lórí àpáta lọ́dún 1629. Àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ omi níbẹ̀ ò bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, torí àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó wà láàárín wọn pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Lóṣù December àti January, tí ọyẹ́ ń jà nílé, ooru ló ń mú níbẹ̀. Àmọ́ bó bá di ọ̀sán, atẹ́gùn tútù kan máa ń fẹ́ wá látinú òkun, “Dókítà Fremantle” sì ni wọ́n ń pè é. Ìtọ́jú rẹ̀ ò lówó nínú, yàtọ̀ sí físà tí ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà.

Erékùṣù ẹranko ẹlẹ́rìn-ín

Lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ ojú omi ń gbéra ní Fremantle lọ sí erékùṣù kan tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 19. Rottnest ni wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Willem de Vlamingh, atukọ̀ ará Netherlands, ló fún un lórúkọ yẹn lọ́dún 1696 torí ó rí àwọn ẹranko kan níbẹ̀ tó rò pé eku ńlá ni wọ́n. Wọn kì í ṣe eku. Quokka ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n tó ológbò, abo wọn ní àpò níkùn bíi ti kangarú, ojú wọn sì dà bí ojú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbogbo ẹni tó débẹ̀ ló fẹ́ bá wọn ya fọ́tò. Òfin ò gbà kéèyàn fọwọ́ kàn wọ́n tàbí kó fún wọn lóúnjẹ. Àlejò ò lè gbé mọ́tò wá síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni tọmọdé tàgbà fi ń yí erékùṣù náà po. Kò sí àní-àní pé ibẹ̀ rẹwà.

Wadjemup ni àwọn Noongar ń pe ibẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹ̀mí àwọn tó ti lọ ń gbé ní òdìkejì omi. Orúkọ náà ti pẹ́ kí òyìnbó tó dé. Ohun tí òyìnbó wá fi ibẹ̀ ṣe ló mú kó túbọ̀ wúwo. Láti 1838, ẹ̀wọ̀n àwọn ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ dà. Ó tó nǹkan bí 4,000 ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tí wọ́n kó lọ síbẹ̀. Àwọn míì wá láti ọ̀nà tó lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lọ́rùn. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju pé wọ́n pa màlúù tàbí àgùntàn àwọn tó wá gba ilẹ̀ ìdọdẹ wọn. Inú Round House yẹn, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń dí etí de àgbá, ni wọ́n máa ń tì wọ́n mọ́ kí ọkọ̀ tó gbé wọn kọjá. Lọ́dún 1904, wọ́n kéde pé ẹ̀wọ̀n náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣì ń lo àwọn ẹlẹ́wọ̀n bí òṣìṣẹ́ níbẹ̀ títí di 1931. Ó lé ní 370 tó kú síbẹ̀, ọ̀pọ̀ lára wọn ló jẹ́ pé àìsàn tí òyìnbó kó wá ló pa wọ́n. Wọ́n sin wọ́n láìfi àmì kankan sí i.

Nígbà tí ìjọba sọ erékùṣù náà di ibi ìsinmi, kò sẹ́ni tó gbé àmì yẹn kalẹ̀. Ilé ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń pè ní Quod di yàrá tí àlejò ń sanwó sùn sí. Orí apá kan itẹ́ òkú náà ni wọ́n fún àwọn ìdílé pé kí wọ́n máa pàgọ́ sí, wọ́n ń dáná níbẹ̀, ọmọ ń sáré kiri. Àwọn àgbààgbà Noongar sọ ọ́, wọ́n tún un sọ. Ọdún 2007 ni wọ́n tó dá ibùdó àgọ́ náà dúró. Quod ń gbàlejò lọ títí di 2018. Kì í ṣe pé àwọn tó sùn síbẹ̀ jẹ́ òǹrorò o. Púpọ̀ nínú wọn ò mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹní wọn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn àgbààgbà náà jókòó lórí bí wọ́n á ṣe sọ ibẹ̀ di ibi ìrántí.

Ẹni tó bá ti erékùṣù náà dé lè rìn dé ọgbà ìtura Esplanade láàárín ìlú. Ère kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé ró lọ́dún 1913. Wọ́n fi ń rántí àwọn òyìnbó mẹ́ta tí àwọn ọmọ onílẹ̀ pa lápá àríwá lọ́dún 1864, àti ọkùnrin tó kó àwọn èèyàn lọ wá wọn. Àkọlé ara rẹ̀ sọ pé òru ni wọ́n kọ lù wọ́n, ó sì pe àwọn tó pa wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Kò sọ pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni àwọn mẹ́ta náà wọ̀, kò sì ka iye àwọn ọmọ onílẹ̀ tí àwọn tó lọ wá wọn pa. Fún ọgọ́rin ọdún ó lé, ohun tí àlejò ń kà nìyẹn.

Lọ́dún 1994, wọ́n kan àkọlé tuntun mọ́ ìsàlẹ̀ ère náà. Èyí sọ pé apá kan ìtàn ni ti òkè, ó sì dárúkọ gbogbo àwọn ọmọ onílẹ̀ tó kú nígbà tí wọ́n ń gba ilẹ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yẹ ká rántí. Wọn ò yọ ti àkọ́kọ́ kúrò. Ọgbà náà kò jìnnà sí èbúté àwọn apẹja, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja díndín àti pọ̀tétò díndín. Ẹni tó bá ra tiẹ̀ wá jókòó síbẹ̀ lè ka méjèèjì kí oúnjẹ rẹ̀ tó tutù.