Eṣinṣin tó ń pa ẹṣin: ohun tí mo bá dé Ìgbòho

Ẹṣin méjì ni àbúrò bàbá mi ti sin. Ìnáwó ló ń fi wọ́n ṣiṣẹ́: bí wọ́n bá ń ṣègbéyàwó ní Ìjẹ̀bú, á di gàárì, ọkọ ìyàwó á gùn ún, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sanwó. Àkọ́kọ́ lò tó oṣù márùn-ún lẹ́yìn tó rà á wá láti òkè. Èkejì ò tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹun o, síbẹ̀ ó ń rù. Ara rẹ̀ á gbóná lónìí, á rọlẹ̀ lọ́la, nígbà tó yá ó wá ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀. Àwọn ẹbí ní ayé ló ń ṣe é. Bàbá Kékeré sì ti fẹ́ yáwó ra ẹ̀kẹta.

Èmi tí mò ń ka sáyẹ́ǹsì lórí fóònù ni wọ́n wá kọjú sí. Kí ló dé tí ẹṣin fi ń gbé lókè, tó sì ń kú lọ́dọ̀ wa?

Bí mo ṣe gba ọ̀nà Ìgbòho lọ nìyẹn, ní Òkè-Ògùn. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá Ìsẹ́yìn, ẹ máa rí i pé igbó ti ń fọ́nká. Igi òrí àti igi igbá ló kù, koríko ló gba gbogbo àárín wọn, oòrùn sì ń dé ilẹ̀ tààrà. Ẹ fi oòrùn yẹn sọ́kàn o, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ wa.

Ìgbòho kì í ṣe ìlú ńlá, àmọ́ ó ti ṣe olú-ìlú rí. Nígbà tí àwọn Nupe lé àwọn ará Ọ̀yọ́ kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, ibẹ̀ ni àwọn Aláàfin wá fìdí sọlẹ̀ sí nígbà tó yá. Igbó Ọba ṣì wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n sin àwọn Aláàfin sí. Mo bọ́ bàtà, mo dákẹ́. Ẹyẹ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn Aláàfin ìgbà Ìgbòho ni Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀. Obìnrin ni ìtàn pè é, òun náà ni wọ́n sì ní ó sọ ẹlẹ́ṣin di agbára Ọ̀yọ́. Wọ́n ní àwọn jagunjagun rẹ̀ máa ń so ewé mọ́ ìrù ẹṣin kó lè máa gbá ipa ẹsẹ̀ rẹ́. Ẹ wo ọgbọ́n! Ṣùgbọ́n ẹṣin wọ̀nyẹn, òkè ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ wọn, ẹrú sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń rà wọ́n. Ẹ jẹ́ ká má fi ìyẹn pamọ́. Ìdí tí wọn ò fi yéé rà á ni pé ẹṣin kì í pẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Bàbá ẹlẹ́ṣin kan gbà kí n gun tirẹ̀. Mo di ìjánu mú bíi pé ó fẹ́ já. Bàbá ń rẹ́rìn-ín: “Ọmọ mi, tú ọwọ́ ẹ sílẹ̀ díẹ̀, kò ní jẹ ọ́.” Mo ṣáà sọ̀ kalẹ̀ láìṣubú. Mo bi wọ́n léèrè ohun tó gbé mi wá. Wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: “Eṣinṣin ni. Eṣinṣin etí odò. Tí òjò bá ti dé, mi ò jẹ́ mú ẹṣin lọ mumi lódò, omi kànga ni mò ń fún un. Tó bá dalẹ́, mo dáná ìgbẹ́ màlúù, kí èéfín lé wọn.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Eṣinṣin tsetse ni, ẹ̀jẹ̀ ni akọ àti abo rẹ̀ ń mu. Kì í yé ẹyin bíi ti eṣinṣin ilé. Inú rẹ̀ lọmọ ti ń dàgbà, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì ń bí lẹ́ẹ̀kan, ó tó ọjọ́ 9 tàbí 10 kó tó tún bí òmíràn. Ọmọ náà á wọnú ilẹ̀ lọ títí yóò fi di eṣinṣin. Ilẹ̀ tútù, ibòòji, ohun tó ń fẹ́ nìyẹn. Bí oòrùn bá ti jó ilẹ̀ gbẹ, kò lè bí sí i dáadáa. Ìdí rèé tí pápá gbígbẹ fi sàn fún ẹṣin ju igbó wa lọ.

Tsetse fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pani. Ohun tíntìn-tín kan tó ń jẹ́ trypanosome ló ń gbé sínú ẹ̀jẹ̀. David Bruce, dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ló rí i lára màlúù tó ń ṣàìsàn ní ilẹ̀ Zulu ní nǹkan bí ọdún 1895. Ara ẹṣin kì í ṣe ọ̀lẹ, á kó ọmọ ogun jáde. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí ń pa aṣọ dà bí eégún aláré: bí ara bá ti dá aṣọ kan mọ̀, àwọn kan nínú wọn ti wọ òmíràn. Ìdí nìyẹn tí ibà fi ń lọ tó ń bọ̀, tí kò sì tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan. Ó ti ṣe mí bákan nígbà tí mo kà á, torí bí ẹṣin Bàbá Kékeré ṣe ṣe gẹ́lẹ́ ni.

Àbí ó dá mi lójú? Rárá. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹṣin yẹn wò kó tó kú, ohun tó dùn mí jù sì nìyẹn. Oògùn wà, diminazene àti isometamidium, àmọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, òun náà lè pa ẹṣin. Dókítà ẹranko ló yẹ kó fún un, kì í ṣe ẹni tó ń ta oògùn lórí kẹ̀kẹ́.

Mo pe Bàbá Kékeré láti Ìgbòho. Mo ní kí wọ́n má yáwó. Kí wọ́n fi ẹṣin ẹlẹ́ṣin ṣiṣẹ́ ná, tí yóò wá lọ́jọ́ ìnáwó, tí yóò padà sókè lọ́jọ́ kejì. Mo ṣàlàyé tsetse, mo ṣàlàyé pé àwọ̀ búlúù àti dúdú máa ń fà á, pé aṣọ búlúù ni wọ́n fi ń ṣe pàkúté rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ títí, mo rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ti já.

“Aṣọ búlúù,” ni wọ́n wá sọ. “Gàárì tí mo fi ń ṣe ìgbéyàwó ńkọ́? Ṣé o rántí àwọ̀ ẹ̀?”

Mo rántí. Búlúù ni.