Lagos ti Ilẹ̀ Pọtogí: Ohun tí Ó Yẹ kí Ará Èkó Mọ̀ kí Ó tó Lọ

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé ẹlòmíràn ń jẹ́ orúkọ òun ní ìlú òkèèrè, kò ní ṣàì fẹ́ mọ irú ẹni tí onítọ̀hún í ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìlú wa Èkó rí. Lagos ni àwọn òyìnbó ń pè é, ṣùgbọ́n Lagos mìíràn wà ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Pọtogí, ní ẹkùn tí a ń pè ní Algarve, tí ó dúró sí etí òkun láti ayé àtijọ́ títí di òní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ni ó ń lọ sí ilẹ̀ Pọtogí nísinsìnyí, àwọn kan fún òwò, àwọn kan fún ẹ̀kọ́, àwọn kan láti bẹ ọmọ wọn wò. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a kọ ohun tí ojú wa rí nígbà tí a lọ síbẹ̀ ní ìparí oṣù kẹjọ, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà kọsẹ̀ níbi tí àwa ti kọsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti orúkọ náà. Ní èdè Pọtogí, adágún omi ni a ń pè ní 'lago'. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, a di 'lagos'. Àwọn atukọ̀ Pọtogí ni ó mú ọ̀rọ̀ náà wá sí etí òkun tiwa, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti dúró wo ọ̀sà wa mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kì í pe orúkọ náà bí àwa ti ń pè é. 'Lágùṣì' ni ó ń dún lẹ́nu wọn. Ìlú kékeré ni, ẹsẹ̀ ni a sì lè fi rìn ín já. Ní ọdún 1576 ó di olú ìlú Algarve, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1755, ilẹ̀ mì tìtì, òkun sì ru wọ inú ìlú, ó ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́. Láti ìgbà náà ni ipò olú ìlú ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún arìnrìn-àjò. Bí ẹ bá ń ra ìwé ọkọ̀, tàbí tí ẹ bá ń fi ẹrù ránṣẹ́, ẹ sọ ọ́ kí ó yéni pé Lagos ti Pọtogí ni, nítorí nínú ìwé àwọn ọkọ̀ òfuurufú, LOS ni àmì tiwa, ẹrù tí ó bá sì gbé àmì náà, Ìkẹjà ni yóò padà sí. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú ńlá kì í bà sí Lagos ti Pọtogí. Faro ni ibùdó ọkọ̀ òfuurufú tí ó súnmọ́ ọn jù, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì ń gba Lisbon lọ. Láti Lisbon, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tí ń lọ sí Faro, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Tunes, kí ẹ sì bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré tí ń lọ sí Lagos. Ìrìn bí i wákàtí mẹ́rin ni. Lagos ni òpin ojú irin náà. Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ óò rí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan tí yóò gbé yín sọdá odò sí inú ìlú. Ẹni tí ó bá fi ìwé ìrìnnà Nàìjíríà rìn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ Schengen kí ó tó kúrò nílé; kò sì gbọdọ̀ lò ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ nínú ọgọ́sàn-án ọjọ́. Owó euro ni wọ́n ń ná.

Inú ọkọ̀ ojú irin ni a ti pàdé ìyá oníṣòwò kan, ọmọ Èkó, tí ilé baba rẹ̀ wà ní Pópó Àgùdà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ ní Lisbon. Nígbà tí ó gbọ́ pé Lagos ni a ń lọ, ó ní òun náà fẹ́ fojú rí Lagos tí kì í ṣe Lagos. Báyìí ni a ṣe di ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò.

Ìkíni ni ohun àkọ́kọ́ tí ó dùn mọ́ ìyá náà nínú ní ìlú yìí. Ẹni tí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù láìkí ẹni tí ó bá níbẹ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kà á sí, bí ó ti rí láàárín wa. 'Bom dia' ni ní òwúrọ̀, 'boa tarde' ní ọ̀sán, 'boa noite' ní alẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́, ọkùnrin a wí pé 'obrigado', obìnrin a sì wí pé 'obrigada'. Ẹ má ṣe pa á dà. Nínú ṣọ́ọ̀bù, wọn kì í ná ọjà bí a ti ń ná an ní Balógun. Ẹ san iye tí a kọ sára ọjà, kí ẹ sì máa lọ.

Ibi tí a ti kọsẹ̀ nìyí. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, a wọ ilé oúnjẹ kan. Kí a tó pàṣẹ ohunkóhun, ọmọkùnrin kan gbé búrẹ́dì, bọ́tà, wàràkàṣì àti èso ólífì wá síwájú wa. Ìyá wa ní, "Ọmọ mi, àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ àlejò tọ́jú o." A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." A jẹ ẹ́ tán pátápátá. Nígbà tí ìwé owó dé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti kọ sínú rẹ̀, títí dé orí bọ́tà. Ìyá náà wò wá, ó ní, "Ṣé owó ni wọ́n fi ń tọ́jú àlejò níhìn-ín ni?" Àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ kò rẹ́ wa jẹ, àṣà wọn ni, 'couvert' ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, ẹ sọ fún wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí wọ́n gbé e padà, ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ gan-an, ebi kò lè pa ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Wọ́n ń yan ẹja sàdíìnì tútù lórí èédú, wọ́n sì ń fi iyọ̀ oníhóró sí i. Cataplana ni orúkọ ìkòkò bàbà kan tí ó dàbí ìgbá méjì tí a dé pọ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹja, edé, tòmáàtì àti àlùbọ́sà se ọbẹ̀, orúkọ ìkòkò náà ni ọbẹ̀ ọ̀hún sì ń jẹ́. Bacalhau jọ pánlá wa, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni wọ́n fi pa á mọ́, a sì níláti rẹ ẹ́ sínú omi kí a tó sè é. Nígbà tí ìyá wa rí ọ̀rọ̀ náà 'feijão' nínú ìwé oúnjẹ, tí a sì sọ fún un pé ẹ̀wà ni, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Frejon nìyẹn! Ìyá ìyá mi kì í ṣàì se é ní Good Friday." Àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíìlì padà wálé ni ó mú orúkọ náà dé Èkó pẹ̀lú ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè. Ẹ má sì ṣe kúrò ní ìlú náà láìtọ́ Dom Rodrigo wò: ẹyin tí a fà bí òwú, álímọ́ńdì, ṣúgà àti kínámọ́nì ni, wọ́n sì ń wé e sínú bébà dídán aláwọ̀ mèremère.

Ọdún kan wà tí ó jẹ́ ti etí òkun yìí. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ni wọ́n ń ṣe é, 'Banho 29' ni orúkọ rẹ̀, èyíinì ni Ìwẹ̀ Ọjọ́ Kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ní ayé àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ orí òkè a máa kó aya, ọmọ àti oúnjẹ wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí òkun ní ọjọ́ náà, wọn a sì wẹ̀, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ náà tó ìwẹ̀ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Lóde òní, ó ti di àríyá: orin ń dún, àwọn mìíràn a wọ aṣọ ìwẹ̀ irú èyí tí àwọn baba wọn ń wọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì wọ inú omi ní òru. Bí ẹ bá fẹ́ wà níbẹ̀, ẹ tètè gba yàrá sílẹ̀, nítorí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni èrò máa ń pọ̀ jù, owó yàrá a sì gbówó lórí.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé wa, kò yẹ kí ènìyàn dúdú jẹ, kí ó mu, kí ó wẹ̀ ní Lagos, kí ó sì padà wálé láìdé ibì kan. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 1444, Lançarote de Freitas kó ènìyàn igba ó lé márùndínlógójì dé èbúté ìlú yìí. Wọn kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ìhà Arguin, ní ilẹ̀ tí ó di Mauritania, ni a ti kó wọn. A tò wọ́n sí pápá lẹ́yìn odi ìlú, a sì pín wọn. Zurara, akọ̀wé ọba Pọtogí, kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn ìyá ti di ọmọ wọn mú, tí a sì já wọn gbà. Ó sì kọ ọ́ pé Ọmọ-ọba Henrique jókòó lórí ẹṣin, tí ó gba mẹ́rìndínláàádọ́ta gẹ́gẹ́ bí ìpín tirẹ̀. Ère Ọmọ-ọba náà wà ní gbàgede ìlú títí di òní. Ní igun gbàgede kan náà ni ilé tí wọ́n ń pè ní Mercado de Escravos wà, èyíinì ni Ọjà Ẹrú. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ṣe é lọ́jọ̀ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa òwò ẹrú. Ẹ má ṣe fi lílọ yín sí ọjọ́ Ajé, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Pọtogí a máa tì ní ọjọ́ náà.

Ní ọdún 2009, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ibi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́yìn odi ìlú, ní Valle da Gafaria, wọ́n bá egungun ènìyàn méjìdínlọ́gọ́jọ, àgbà àti ọmọdé, níbi tí àwọn ará àtijọ́ ń da ilẹ̀ sí. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n. Àwọn mìíràn wà nínú wọn tí ó dàbí ẹni tí a de lọ́wọ́. Lónìí, ọkọ̀ ni a ń gbé sí ibẹ̀, ibi tí àwọn olùgbafẹ́ ti ń gbá gọ́ọ̀fù kékeré sì wà lórí ilẹ̀ náà.

Nígbà tí a túmọ̀ èyí fún ìyá wa, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bi wá pé, "Ta ni ó sin wọ́n?" A ní, "Ìyá, orí àkìtàn ni a bá wọn." Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a, ó fi sí abíyá, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ó ní, "Àwa náà tà wọ́n o. Ẹ má gbàgbé ìyẹn nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé yín." A kò gbàgbé. Èkó tìkára rẹ̀ di ọjà ẹrú ńlá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa ni ó sì ti èbúté rẹ̀ dé Bràsíìlì, kí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó yìnbọn sí ìlú ní ọdún 1851. Ìlú méjèèjì tí ó ń jẹ́ Lagos ni ọwọ́ wọn kò mọ́. Tiwọn ti kọ ilé ìrántí kan, bí ó tilẹ̀ ṣe pé ó kéré. Kí olúkúlùkù wa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí a ti ṣe ní tiwa.

Ìmọ̀ràn díẹ̀ ni ó kù. Òkun ibẹ̀ tutù ju tiwa lọ. Ẹ wo àsíá etí òkun: ewé ni ó fi hàn pé kò sí ewu, ìyeyè pé kí a má lúwẹ̀ẹ́, pupa pé kí a má wọ omi rárá. Àwọn àpáta Ponta da Piedade lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó sábẹ́ wọn, nítorí wọ́n a máa wó. Òkúta kéékèèké dídán ni wọ́n tẹ́ sí ojú ọ̀nà. Bàtà tí kì í yọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ihò iná wọn jẹ́ oníhò méjì róbótó, nítorí náà ẹ mú ohun tí a fi ń so ti wa pọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago wọn bá tiwa dọ́gba; ní ìgbà òtútù, wákàtí kan ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 112 ni kí ẹ pè.

Ní alẹ́ Banho 29, nígbà tí àwọn èrò ń sáré wọ inú omi pẹ̀lú ẹ̀rín, ìyá wa bọ́ bàtà rẹ̀, ó di ìró rẹ̀ mú, ó sì wọ omi dé orúnkún. A rò pé ìwẹ̀ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ó ń wá. Ó ní rárá, òun kàn wá kí àwọn tí ó gba ibẹ̀ dé ni. Ó kí wọn kú ọjọ́ pípẹ́, ó sì jáde. Ẹni tí ó bá lọ lẹ́yìn wa, kí ó bá wa kí wọn pẹ̀lú.

Ó dìgbà kan ná.