Bí Ojú Ibi Tí Pésímékà Wà Bá Wú

Abẹ́ awọ, lókè àyà nítòsí èjìká, ni àwọn dókítà máa ń tẹ pésímékà sí kí ọkàn lè máa lù déédéé. Wáyà rẹ̀ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọnú ọkàn lọ. Ìdí nìyẹn tí egbò kékeré níbẹ̀ kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ máa wo ojú ibẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀. Bí ó bá wú, tó ń gbóná, tó ń ro yín, tí ọyún ń jáde, tàbí tí awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ẹ̀rọ fẹ́ yọjú, ẹ má dúró di ọ̀la. Lára aláwọ̀ dúdú, ó lè má pọ́n. Ó lè kàn ṣú sí i. Nígbà mìíràn, ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ ni àmì kan ṣoṣo, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ní pésímékà, kó má baà tún fún yín ní oògùn ibà lásán.

Ẹ̀yin ará Agége, Ògbà àti Orégùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ yà sí kẹ́mísìtì. Kápúsù pupa òun yẹ́lò tí wọ́n ń kà sínú ọ̀rá lè mú kí ibẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn tó wà níbẹ̀ á fara pamọ́ nígbà tí a bá gba ẹ̀jẹ̀ yín fún àyẹ̀wò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ fa omi ibẹ̀ tàbí kó sín gbẹ́rẹ́ sí i.

Oògùn nìkan kò lè wo àrùn yìí. Kòkòrò náà ń lẹ̀ mọ́ ara irin àti wáyà, níbi tí oògùn kò ti lè ká a mọ́. Nítorí náà, a ó yọ ẹ̀rọ àti gbogbo wáyà rẹ̀; èyí tí a bá gé kù sínú ni àrùn yóò fi padà. Wáyà tó ti ju ọdún kan lọ ti máa ń lẹ̀ mọ́ iṣan, nítorí náà ọwọ́ onímọ̀ ló yẹ ẹ́, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ abẹ ọkàn nítòsí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè dá lù, a ó fi wáyà onígbà díẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni oògùn ojú iṣan: bí ọ̀sẹ̀ 2 bí ó bá jẹ́ ojú ibẹ̀ nìkan, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 bí ó bá ti dénú ọkàn. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá mọ́ ni a ó fi tuntun sí apá kejì, bí ẹ bá ṣì nílò rẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rù ìpààrọ̀. Arne Larsson, ará Sweden tí wọ́n kọ́kọ́ fi pésímékà sí lára ní 1958, lò ju ogún lọ kó tó kú ní 2001, lẹ́ni ọdún 86.

Ẹ mú káàdì pésímékà yín lọ sí ilé ìwòsàn tó fi í sí yín lára. Bí ibẹ̀ bá jìnnà, ẹ lọ sí LASUTH ní Ìkẹjà.