Abiyamọ Orí Yìnyín: Ìdí Tí Ó Fi Ń Ṣòro Fún Béárì Funfun Láti Tọ́ Ìbejì Rẹ̀

Kò sí béárì funfun mọ́ ní ọgbà ẹranko kankan nílùú New York. Gus, òmùwẹ̀ Central Park tí gbogbo ìlú mọ̀, kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, nígbà tó pé ọmọ ọdún 27. Tundra ti Bronx Zoo náà kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2017. Orí fóònù ni púpọ̀ nínú wa ti ń rí ẹranko yìí báyìí. Ohun tí a kì í sábà rí níbẹ̀ ni bó ṣe ń tọ́ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ooru ayé ti ń dà á láàmú jù.

Ìyá ìbejì ni béárì funfun: méjì ló sábà máa ń bí. Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kìíní ló máa ń bímọ sínú ihò tó gbẹ́ sínú òjò dídì. Ọmọ náà kì í tó kílò kan, kì í sì í tíì lajú. Ìyá kì í jẹun ní gbogbo àsìkò yìí. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń di wàrà fún wọn. Nígbà tí wọ́n bá jáde ní oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin, ọmọ kọ̀ọ̀kan á ti tó bíi kílò 10. Wọ́n á wà lọ́dọ̀ ìyá fún bí ọdún méjì ààbọ̀, á máa kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọdẹ. Bàbá kì í dá sí i.

Níbo ni ìyá ti ń rí ọ̀rá? Lára seal ni, ẹran inú òkun tó sanra dáadáa. Orí yìnyín òkun ni béárì ti máa ń lúgọ dè é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí seal ń yọrí sí láti mí. Bí yìnyín bá ti yọ́, ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní Hudson Bay, ní Kánádà, aboyún béárì lè gba ààwẹ̀ oṣù mẹ́jọ.

Láti ọdún 1979, agbègbè Arctic ti ń gbóná ní bíi ìlọ́po mẹ́rin ju bí gbogbo ayé ṣe ń gbóná lọ. Ní ìwọ̀ oòrùn Hudson Bay, yìnyín ń tètè yọ́, ó sì ń pẹ́ kó tó padà. Bí ọ̀rá ìyá kò bá tó nígbà ìwọ́wé, oyún lè má dúró rárá. Bó bá sì bímọ, ọmọ lè kéré jù, kí wàrà má sì tó o. Ní 2016, béárì tí wọ́n fojú bù níbẹ̀ jẹ́ 842. Ní 2021, ó ti di 618.

Àwọn àgbà ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Béárì náà ń tatí were, ṣùgbọ́n kò lè dá yìnyín.

Èéfín epo àti gáàsì tí a ń sun ló ń yọ́ yìnyín náà, nínú ilé wa ní New York sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde, pàápàá nígbà òtútù. Ìdí nìyẹn tí ìlú yìí fi ṣe Local Law 97 ní 2019, kí àwọn ilé ńláńlá lè dín èéfín wọn kù ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún títí 2030. Bí ẹ bá ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ bi onílé yín léèrè ibi tó bá iṣẹ́ dé.