Bí Àwòrán Ìwé Sẹ́ǹtì 12 Ṣe Dé Mùsíọ́mù

Ẹ ti rí ìwé tí wọ́n ń fi àwòrán sọ ìtàn rí: àpótí kan tẹ̀ lé òmíràn, ọ̀rọ̀ sì wà nínú àmì róbótó lókè orí ẹni tó ń sọ ọ́. Kọ́míìkì ni wọ́n ń pè é. Ìtàn aláwòrán ni màá máa pè é níbí. Kí ló wá yà á sọ́tọ̀ sí àwòrán tí wọ́n ń gbé kọ́ sí mùsíọ́mù? Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan ṣoṣo wò ó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1962, sẹ́ǹtì 12 ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kọkàndínláàádọ́rùn-ún (89) ìwé ìtàn aláwòrán All-American Men of War ní Amẹ́ríkà. Irv Novick ya àwòrán kan síbẹ̀: bàálù ogun yin rọ́kẹ́ẹ̀tì, ti ọ̀tá sì gbiná. Lọ́dún 1963, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Roy Lichtenstein tún un yà sórí kánfáásì méjì tí àpapọ̀ wọn fẹ̀ ju mítà 4 lọ. Whaam! ló pè é. Mùsíọ́mù Tate ní Lọ́ńdọ̀nù rà á ní £3,940 lọ́dún 1966.

Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ ó rí àmì wínníwínní lára rẹ̀. Àwọn tó ń tẹ ìtàn aláwòrán nígbà náà kì í fẹ́ náwó púpọ̀. Bí wọ́n bá ń wá àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, àmì wínníwínní pupa tàbí búlúù ni wọ́n ń tẹ̀ sórí bébà funfun. Ojú òǹkàwé ló ń pò wọ́n pọ̀.

Lichtenstein fẹ́ kí tirẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó gbé ohun tó ní ihò wẹ́wẹ́ lé kánfáásì, ó sì ń ti ọ̀dà gba ojú ihò náà kọjá, bí àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ Abẹ́òkúta ṣe ń ti ẹ̀kọ gba ojú páànù. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe wéré, òun jókòó fọwọ́ ṣe é!

Ó yọ ọ̀rọ̀ ẹnu awakọ̀ bàálù kúrò. Ṣùgbọ́n ìyípadà tó tóbi jù kò sí lára ọ̀dà rárá. Nínú ìwé, ojú yín á sáré kọjá, torí ẹ fẹ́ mọ ohun tó wà nínú àpótí tó kàn. Lára ògiri, kò sí àpótí tó kàn. Ẹ ó dúró, ẹ ó wo iná náà títí.

Novick ńkọ́? Owó ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá yà ni wọ́n ń san fún àwọn ayàwòrán bíi tirẹ̀ nígbà náà, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ló sì ni àwòrán. Lójú tèmi, Lichtenstein ṣiṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ to bàálù méjèèjì síbẹ̀ kò yẹ lẹ́ni à ń gbàgbé. Nígbà tó fi máa di 1991, ìtàn aláwòrán ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ mùsíọ́mù: mùsíọ́mù MoMA ní New York pàtẹ àwọn àwòrán Maus, ìwé ìtàn aláwòrán tí Art Spiegelman yà.

Bí ẹ bá rí Whaam!, ẹ wá àwòrán Novick lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ tó dájọ́.