Peter Rufai: Ọmọ ọba tó kọ adé nítorí ibọ̀wọ́ kípà

Bí ọ̀rọ̀ adé ṣe máa ń gbóná tó, ẹ bi àwọn ará Ìjẹ̀bú léèrè. Nígbà tí Awùjalẹ̀, Ọba Sikiru Adetona, wàjà lọ́jọ́ kẹtàlá, oṣù keje, ọdún 2025, kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ ọmọ ọba. Lágbájá ń dù ú, tàmẹ̀dù náà ń dù ú, ta ni kí wọ́n mú? Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Òdogbolú, wọ́n ń sọ ọ́ nínú mọ́tò, wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá péré ṣáájú ìgbà náà, ọmọ ọba kan kú l'Ékòó tí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Nígbà tí oyè bàbá ẹ̀ kàn án, ó ní òun ò jẹ. Peter Rufai ni, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Dodo Mayana, kípà Super Eagles.

Ìdímù, l'Ékòó, ni bàbá Rufai ti jọba. Ṣùgbọ́n kí ará Òdogbolú má sọ pé kò kan òun o. Òkun-Ọwà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òdogbolú níbẹ̀ yẹn, ni wọ́n ti bí Olóyè Israel Adebajo, oníṣòwò tó ń ta ìwé, bébà àti bírò, tó sì dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores sílẹ̀ ní 1958. Àwọn tó dàgbà l'Ékòó nígbà yẹn á rántí. Bí Stores bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ariwo "Super!" ni wọ́n á máa pa. Wọ́n gba ife Challenge Cup ní 1967, wọ́n tún gbà á ní 1968, ọdún kan náà tí kípà wọn, Peter Fregene, bá Nàìjíríà lọ sí Olympics ní Mexico. Adebajo kú ní 1969, àmọ́ ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀ ò kú. Ibẹ̀ ni Rufai ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1980 síwájú. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí Stores tún gba ife yẹn ní 1982. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, owó ọmọ Ìjẹ̀bú ló la ọ̀nà tí ọmọ ọba Ìdímù gbà dé òkè òkun.

Ó lọ sí Femo Scorpions, ó kọjá sí Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin, níbi tó ti ṣọ́lé fún Dragons de l'Ouémé, kó tó di pé ó wọ Belgium ní 1987. Lokeren, Beveren, Go Ahead Eagles ní Holland, Farense ní Portugal. Farense yìí, ìlú kékeré létí òkun ni ẹgbẹ́ náà wà, ṣùgbọ́n ipò karùn-ún ni wọ́n ṣe ní líìgì ọdún 1994 sí 1995 tí Dodo Mayana ń ṣọ́lé fún wọn, wọ́n sì wọ ìdíje UEFA Cup fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, iṣẹ́ kípà ò dáa fún ẹni tó bá fẹ́ kí aráyé fẹ́ràn òun. Ẹni tó wà níwájú lè gbá mẹ́wàá síta, bí ẹyọ kan bá ti wọlé, wọ́n á gbé e sọ́rùn. Kípà lè mú mẹ́wàá, ẹyọ kan tó yọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni wọ́n á fi bú ìyá ẹ̀. Rufai mọ̀ ọ́n. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí Cameroon na Nàìjíríà 3-1 nínú àṣekágbá ife Áfíríkà l'Abidjan ní 1984. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àṣekágbá náà ni, Cameroon náà ni, ní Casablanca. Pẹ́náritì kan ṣoṣo tí Emmanuel Kundé gbá ló parí ẹ̀.

Àfi ìgbà tó di 1993 tí inú ẹ̀ dùn lọ́nà mìíràn. Nàìjíríà ń na Ethiopia ní Sùúrùlérè, ó ti di 5-0, ni wọ́n bá fún wa ní pẹ́náritì. Kípà wa rìn látojú ilé tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ kípà ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀, ó gbá a wọlé. 6-0! Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 1994, wọ́n gba ife Áfíríkà náà ní Tunis, Zambia ni wọ́n nà, 2-1. Lẹ́yìn ìyẹn ni Amẹ́ríkà, níbi tí Rufai ti so báàjì kápútéènì mọ́ apá nígbà tí a na Bulgaria 3-0. Ti Italy ńkọ́? Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù ká lé wọn lọ sílé kí Roberto Baggio tó dé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1998 ni ọba Ìdímù wàjà. Rufai wálé, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ oyè, ó sì padà sí Spain láìgbà á. Ibi tó padà sí gan-an ló ń yà mí lẹ́nu. Ní Deportivo La Coruña, Jacques Songo'o, ọmọ Cameroon (Cameroon náà sì tún ni o!), ni kípà àkọ́kọ́. Ìyẹn ni pé ọkùnrin yìí kọ àpèrè n'Ídìmú, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì! Ẹni ọdún 34 ni, ife àgbáyé ku oṣù díẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn ló ń wò.

Ife àgbáyé náà dé. Ní Nantes, Spain ti ń nà wá 2-1 nígbà tí Garba Lawal gbá bọ́ọ̀lù kan kọjá níwájú ilé. Zubizarreta, àgbà kípà Spain, fi ọwọ́ ara ẹ̀ tì í sínú àwọ̀n. Oliseh parí ẹ̀, 3-2. Gbogbo Nàìjíríà ń fi Zubizarreta ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ó kan tiwa. Denmark jẹ wá ní gólì ní ìṣẹ́jú kẹta. Kò pẹ́, Rufai lé bọ́ọ̀lù kan padà dípò kó dì í mú, Brian Laudrup sì gbá a wọlé. Ìyẹn, ẹ̀bi ẹ̀ ni, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Ebbe Sand ò tíì lò tó ìṣẹ́jú kan lórí pápá tó fi jẹ tiẹ̀, níbo làwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn wà? Brazil ni wọ́n ti ń rò. 4-1 ló parí sí, Dodo Mayana nìkan sì ni wọ́n bú délé.

Ó ṣì lo ọdún kan sí i ní Spain, ó fi Gil Vicente ní Portugal parí ẹ̀. Ọjọ́ kẹta, oṣù keje, ọdún 2025 ló kú, ẹni ọdún 61. Nínú kípà mẹ́ta tí Nàìjíríà kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1994, Wilfred Agbonavbare ti kú ní Spain láti 2015, tí ẹgbẹ́ Rayo Vallecano sì fi orúkọ ẹ̀ pe ọ̀kan nínú géètì pápá wọn. Lọ́jọ́ tí Rufai lọ, Alloy Agu nìkan ló kù.