Ta Ni Yóò Ya Àwòrán Ilé Yín?

Bí a bá gba ọ̀nà Ìlaròó dé Ayétòrò lónìí, ilé tuntun tí a ó rí kò kéré. Àwọn ọmọ Yewa tí iṣẹ́ gbé lọ sí Èkó, àti àwọn tí òwò ẹnu ibodè ṣe ní oore, ni ó ń kọ́ ọ. Ohun ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè: ta ni ó ya àwòrán rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé bíríkìlà ni, tàbí pé ọ̀rẹ́ kan fi àwòrán ilé tirẹ̀ ta àwọn lọ́rẹ. Èmi kò bá bíríkìlà jà o. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni mímọ ògiri, ọ̀tọ̀ ni mímọ̀ ibi tí ó yẹ kí ògiri wà.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ra àwòrán lọ́wọ́ ẹni tí kò fojú kan ilẹ̀ rẹ̀ rí. Ó wuyì lórí ìwé. Nígbà tí ilé parí, gbogbo fèrèsé yàrá ni ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Láti aago méjì ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ń ṣú, inú ilé a máa gbóná bí ààrò. Ìta ni bàbá yìí ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ títí di òní. Ẹ̀yìn ilé sì jẹ́ ojú àgbàrá, òjò ti ń jẹ ìdí ìpìlẹ̀. Owó ọdún mọ́kànlá ni ó wà níbẹ̀.

Ayàwòrán ilé tí ó ń gbé láàárín wa ì bá ti rí èyí kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ni ó ń mú ògiri jù, nítorí náà ògiri tí ó gùn ni ó yẹ kí ó kọjú sí àríwá àti gúúsù. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ amọ̀ a máa wú lásìkò òjò, a sì máa sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó tó sọ irú ìpìlẹ̀ tí a ó ṣe. Ó sì mọ ìlò erùpẹ̀ pupa wa. Ẹ má fi erùpẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: Demas Nwoko, tí ó kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn, a máa po erùpẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì ṣe búlọ́ọ̀kù, ní 2023 ni wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì. Ibese tiwa níhìn-ín ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì, síbẹ̀ owó rẹ̀ kò mọ ará ilé!

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gbé rúlà dání ni ayàwòrán ilé. Ẹ béèrè nọ́ńbà rẹ̀ lọ́dọ̀ ARCON, ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1969 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ ní kí ó mú yín lọ wo ilé méjì tàbí mẹ́ta tí ó ti yà, kí ẹ sì bá onílé sọ̀rọ̀ nígbà tí òun kò sí níbẹ̀: ǹjẹ́ òrùlé ń jò? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ó wá wo iṣẹ́? Àdéhùn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan; ẹ pín in bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìjọba kí ẹ tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ wá ẹnjiníà tí yóò ṣírò irin àti kọnkéré pẹ̀lú. Ní Ìkòtún, ní 12 oṣù kẹsàn-án 2014, ilé àlejò ìjọ kan wó, ó pa ju 100 ènìyàn lọ. Ní Ìkòyí, ní 1 oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó, ó pa ju 40 lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, ẹ dá ọjọ́ kan fún un, kí ẹ jọ dúró lórí ilẹ̀ yín ní aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ẹ sì tún wá lẹ́yìn òjò ńlá. Bí ó bá ní òun kò ní àyè, ẹ wá ẹlòmíràn.